Bí a ṣe ń bo ojú tó dáa kí èyí tó rẹ̀yìn lè ríran

Ojú tó ríran dáadáa ni ẹ máa bò. Èyí tó rẹ̀yìn, ìyẹn èyí tí kò ríran tó ìkejì, ni ẹ máa fi sílẹ̀ láìbò, kó lè máa ṣiṣẹ́. Mo fi í ṣáájú ọ̀rọ̀ nítorí pé ibẹ̀ gan-an ló ti ń rú àwọn èèyàn lójú. Mo pàdé ìyá kan níbi tí a ti ń dúró de dókítà, ojú tí kò ríran ló ti ń bò láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún un ní pílásítà tí a ń lẹ̀ bo ojú, nítorí kò sẹ́ni tó là á yé e. Ojú tó yẹ kó sinmi ló ń ṣiṣẹ́, èyí tó yẹ kó ṣiṣẹ́ ló wà lókùnkùn.

Aránṣọ ni mí, ní Ìbàdàn. Àdùnní, ọmọ mi obìnrin, ni ojú rẹ̀ òsì rẹ̀yìn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí a mọ̀, ó ti lé lọ́mọ ọdún méje báyìí. Ohun tí àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì kọ́ mi, àti ohun tí mo rí nínú ilé àti nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ni mo kó pọ̀ síbí fún òbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́.

Ojú Àdùnní kò yà sí ẹ̀gbẹ́, kò pọ́n, kò sun omi. Ẹ lè wò ó títí, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Àwọn nọ́ọ̀sì tó wá yẹ ojú àwọn ọmọ wò nílé ẹ̀kọ́ wọn ló rí i. Wọ́n bo ojú òsì, ó ń fi ìka júwe ibi tí ẹsẹ̀ lẹ́tà E kọjú sí lára káàdì. Wọ́n bo ọ̀tún, ó bú sẹ́kún, ó ń já ọwọ́ nọ́ọ̀sì kúrò lójú. Ẹ lè dán irú ẹ̀ wò nílé. Bí ọmọ bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín bo ojú rẹ̀ kan láì tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ẹ bo ìkejì. Bí kò bá janpata nígbà tí ẹ bo ọ̀kan, tó wá ń jà fitafita nígbà tí ẹ bo ìkejì, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Bí kò bá sì jà, ìyẹn nìkan kò sọ pé ojú rẹ̀ péye o. Àyẹ̀wò gidi ló lè sọ ìyẹn.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba sùúrù rárá. Bí ẹ bá rí funfun láàárín dúdú ẹyinjú, tàbí tí ẹ fi fóònù ya ọmọ ní fọ́tò, tí iná fóònù mú ojú kan pupa, tí ìkejì tàn funfun, ẹ gbé e lọ kíákíá. Ó lè jẹ́ pé nǹkan ti dí ojú náà látinú, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ojú tó máa ń mú àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Bí ìpéǹpéjú bá wọ́ sílẹ̀ bo àárín ẹyinjú, òun náà kò gbọ́dọ̀ dúró. Ojú ìkókó lè máa yà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Bó bá kọjá oṣù mẹ́rin tó ṣì ń yà, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó bá ní ọmọ á dàgbà kúrò níbẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ojú nìkan kọ́ ló ń ríran. Ojú ń gba àwòrán wọlé, ọpọlọ ló ń tú u. Láti ìgbà tí a ti bí ọmọ títí tó fi tó bí ọmọ ọdún méje, mẹ́jọ, ọpọlọ ṣì ń kọ́ iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́. Bí àwòrán tí ojú kan ń fi ránṣẹ́ bá bàìbàì, bóyá torí pé agbára gíláàsì tí ojú náà ń fẹ́ jìnnà sí ti ìkejì, tàbí torí pé ojú náà yà, tàbí torí pé nǹkan dí i, ọpọlọ á pa á tì, á máa gba ti ìkejì nìkan. Ó dà bí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n bá ń bá àbúrò dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀: bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ohùn àbúrò, ẹ ní láti rán ẹ̀gbọ́n níṣẹ́ jáde ná. Iṣẹ́ tí bíbo ojú ń ṣe nìyẹn. Ojú tí ọpọlọ pa tì báyìí, amblyopia ni àwọn dókítà ń pè é. Nínú ọmọ 100, bíi 2 tàbí 3 ló máa ń ní in, nítorí náà kì í ṣe àjèjì, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ayé.

Bíbo ojú náà kì í ṣe àṣà tuntun. Buffon, onímọ̀ kan nílẹ̀ Faransé, ti sọ ọ́ ní 1743 pé kí wọ́n bo ojú tó lágbára. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ló pẹ́ kó tó yé aráyé. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, David Hubel àti Torsten Wiesel, dí ojú kan lójú àwọn ọmọ ológbò. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà, ojú fúnra rẹ̀ kò ní àìsàn, ṣùgbọ́n ọpọlọ kò kọbi ara sí i mọ́. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981. Dókítà wa ló sọ ti ológbò yìí fún mi, òun sì ni mo máa ń sọ fún àwọn tó ní kí n wá nǹkan kán sí ọmọ lójú. Omi ọmú, ìtọ̀, omi ṣúgà, àgbo, kò sí èyí tó dé inú ọpọlọ níbẹ̀, òmíràn nínú wọn sì lè fọ́ ojú tó wà nílẹ̀. Mo ń gbàdúrà lé ọmọ mi lórí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n mi ò da òróró sí i lójú.

Gíláàsì ló ń ṣáájú pílásítà. Wọ́n á kán oògùn tó ń mú ẹyinjú là sí ọmọ lójú, wọ́n á sì wọn agbára tó ń fẹ́. Bí wọ́n bá fún un ní gíláàsì, kó máa lò ó láti àárọ̀ títí di ìgbà tó bá fẹ́ sùn. Wọ́n sábà máa ń fi ọmọ sílẹ̀ lórí gíláàsì nìkan fún ọ̀sẹ̀ bíi 16 sí 18 kí wọ́n tó pinnu bóyá wọ́n á bo ojú, nítorí pé ti ẹlòmíràn yanjú síbẹ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lára àwọn ọmọ tí agbára ojú wọn méjèèjì kò dọ́gba, ó tó ọmọ 1 nínú 4 tí gíláàsì nìkan tó fún. Ẹ má ronú pé wọ́n ń fi àkókò yín ṣòfò. Bí wọ́n bá sì wá ní kí ẹ bo ojú, ọmọ kò ní bọ́ gíláàsì o. Pílásítà lábẹ́, gíláàsì lókè.

Wákàtí mélòó lóòjọ́? Dókítà ló máa sọ, ó sì máa ń dá lórí bí ojú náà ṣe rẹ̀yìn tó. Ní 2003, ìwádìí méjì jáde lára àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje. Ọ̀kan fi hàn pé fún ojú tó rẹ̀yìn níwọ̀nba, wákàtí 2 lóòjọ́ ṣe é gẹ́gẹ́ bí wákàtí 6. Ìkejì fi hàn pé fún èyí tó rẹ̀yìn gan-an, wákàtí 6 ṣe é gẹ́gẹ́ bíi kí ọmọ bo ojú látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nítorí náà, bí dókítà bá ní 2, ẹ má sọ ọ́ di 5 nítorí pé ẹ fẹ́ kó yá. Ojú tó dáa náà lè rẹ̀yìn bí a bá bò ó jù. Bó bá sì ní 6, ẹ má ṣàánú ọmọ kí ẹ sọ ọ́ di 3.

Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì so ẹ̀rọ kékeré mọ́ pílásítà láti máa ka wákàtí tó lò lójú ọmọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé bíi wákàtí 120 ló ń jẹ́ kí ọmọ lè ka ìlà kan sí i lára káàdì, àti pé bíi ìdajì wákàtí tí dókítà kọ ni àwọn òbí ń rí bò. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ẹni tó ń bo wákàtí 2 lóòjọ́ láìyẹ̀, ó máa tó oṣù méjì kó tó jèrè ìlà kan. Bí ẹ ò bá rí ìyàtọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì, kò tíì tó àkókò ni. Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wa tó wà lára ògiri ni mò ń kọ ọ́ sí, aago tí a lẹ̀ ẹ́ àti aago tí a ṣí i. Ìwé yẹn ni mo máa ń gbé fún dókítà, torí bó bá bi mí pé “Mà, ṣé ó ń bò ó?”, mi ò fẹ́ dáhùn látorí.

Bí a ṣe ń lẹ̀ ẹ́ nìyí. Ẹ fọ ojú ọmọ, ẹ nù ún kó gbẹ, ẹ má fi ìpara tàbí òrí pa á kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, kò ní mú. Ẹ ní kó di ojú méjèèjì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Orí pílásítà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń lọ sí ọ̀dọ̀ imú, èyí tó fẹ̀ ń lọ sí ọ̀dọ̀ etí. Ẹ tẹ etí rẹ̀ yípo, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń yọjú. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i, ẹ fi aṣọ tó rẹ nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kan di awọ ara mú, ẹ fi èkejì ká a kúrò láti ẹ̀gbẹ́ etí. Ẹ má fà á ya o. Ọmọ tí ìṣíkúrò bá dùn lónìí kò ní jẹ́ kí ẹ lẹ̀ ẹ́ lọ́la. Fásèlíìnì díẹ̀ lálẹ́ dára fún awọ tó pupa, kí ẹ sì máa yí bí ẹ ṣe ń gbé e lẹ̀ padà díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ara bá dà roro tàbí ó ń ṣomi, ẹ dúró ná, kí ẹ pe ilé ìwòsàn.

Ooru wa níbí kì í jẹ́ kí pílásítà pẹ́ lára. Bí kò bá síná, tí fáànù kò ṣiṣẹ́, òógùn á ti tú u kó tó pé wákàtí kan. Èyí ni mo fi bi dókítà bóyá mo lè rán ti aṣọ, èyí tí a ń kì bọ gíláàsì. Ó ní fún Àdùnní ó dára, bí kò bá ti lè yọjú. Fún ọmọ tí ojú rẹ̀ rẹ̀yìn gan-an, tàbí tó mọ bí a ṣe ń yọjú, èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ara ni wọ́n sábà máa ń fẹ́, nítorí náà ẹ bèèrè kí ẹ tó gé aṣọ.

Ẹ gbé lẹ́ńsì ẹ̀gbẹ́ ojú tó dáa lé páálí, ẹ fi bírò yí i po. Ẹ fi ìbú ìka kan kún ẹ̀gbẹ́ etí, ìdajì rẹ̀ kún òkè àti ẹ̀gbẹ́ imú. Aṣọ dúdú olówùú tó rọ̀ ni kó kọjú sí ojú ọmọ, ìṣẹ́po méjì. Àǹkárá tó bá wù ú ló ń wà níta. Ẹ fi gọ́mù sítéè, aṣọ líle tí àwa aránṣọ máa ń fi sínú aṣọ, sáàárín kó lè dúró ṣanṣan. Ẹ rán an yípo bí àpò, ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ láìrán kí lẹ́ńsì lè gbabẹ̀ wọlé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ẹ jẹ́ kí aṣọ náà gùn kọjá ibi tí apá gíláàsì ti ń ká, kí ẹ la ibẹ̀ bí ojú bọ́tìnnì kí apá gíláàsì lè gbabẹ̀ jáde. Apá tó gùn yẹn ló ń dí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rán an tán, ẹ gbé e sókè síhà oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gbabẹ̀ wọlé, ẹ fi ìṣẹ́po kan kún un. Ẹ rán tó mẹ́ta, kí ọ̀kan máa wà lójú, kí ọ̀kan máa wà lórí okùn. Mo rán kékeré kan mọ́ bèbí Àdùnní náà, torí ó ní àwọn méjèèjì ló ń lọ síbi iṣẹ́.

Láti mọ̀ bóyá ọmọ ń yọjú: nígbà tí pílásítà bá wà lójú tó dáa, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín bo ojú tó rẹ̀yìn pẹ̀lú, kí ẹ na ìka díẹ̀ sókè níwájú rẹ̀. Bó bá lè sọ iye rẹ̀, ihò wà níbì kan. Ẹ tún máa wo ọrùn. Ọmọ tó ń gbé àgbọ̀n sókè tàbí tó ń dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan ń wá ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ imú wòran ni.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró lórí èyí tó kàn yìí dáadáa, torí òun ni wọ́n máa ń fò dá. Ẹ má bo ojú ọmọ kí ẹ wá jẹ́ kó sùn, tàbí kó kàn máa sáré káàkiri àgbàlá. Ojú tó rẹ̀yìn gbọ́dọ̀ rí iṣẹ́ ṣe, iṣẹ́ tó wà nítòsí, tó kéré, tó sì ní ohun tí ọmọ fẹ́ rí nínú rẹ̀. Nínú ìwádìí méjì ti 2003 tí mo sọ ṣáájú, wọ́n ní kí ó kéré tán wákàtí kan jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kíkun àwòrán, kíka ìwé aláwòrán, títo ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn, ayò. Kódà eré orí fóònù, bí ẹ bá ti dá àkókò fún un.

Ẹ̀wà ni mo rí pé ó ṣiṣẹ́ jù nílé wa. Bí a bá dé láti ilé ẹ̀kọ́, tó jẹun tán, Àdùnní á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, màá gbé ẹ̀wà olóyin sínú atẹ lé e lẹ́sẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀wà. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń wá òkúta, á fọwọ́ pa á kiri títí á fi kan èyí tó le. Ó ń ju ẹ̀wà mọ́ òkúta, ó ń bínú, ó ń ní “Mọ́mì, mi ò rí i.” Mi ò bá a ṣà á. Èmi náà á gbé atẹ tèmi, a ó jọ máa ṣà. Bó ṣe ń pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orí sókè kúrò nínú atẹ. Lẹ́yìn òkúta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí pàǹtí. Lọ́jọ́ kan ó mú hóró kan sókè, ó ní kòkòrò ti lu ihò sí èyí. Ihò yẹn kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo fi abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀, mo gba ẹ̀wà náà, mo wò ó títí.

Bí ẹ ò bá ṣe ẹ̀wà, ẹ kó bọ́tìnnì jọ kó máa to èyí tó jọra. Kìkì pé ọmọ tó ṣì ń ki nǹkan bọnu tàbí bọmú kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí ohun kéékèèké láìsí àgbà.

Fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ mọ̀ pé ọmọ kò ríran dáadáa lákòókò tí ẹ bo ojú rẹ̀. Òótọ́ ni ẹkún rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dá títì kọjá, kó má sún mọ́ àdògán tàbí sítóòfù, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí àtẹ̀gùn. Dókítà gbà kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkókò kékeré, kí a máa fi kún un títí a fi dé iye tó kọ. Aago kan náà lójoojúmọ́ ló rọrùn jù, torí ọmọ kì í bá oúnjẹ ọ̀sán jà, nígbà tó bá di ìṣe ilé, kò ní bá pílásítà jà mọ́. Bí wákàtí yín bá pọ̀ débi pé ó máa kan ilé ẹ̀kọ́, ẹ lọ bá tíṣà rẹ̀ sọ̀rọ̀ fúnra yín. Kó fi ọmọ síwájú, kó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ kí wọ́n má fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn ará ilé ni iṣẹ́ tó kù. Ìyá ọkọ mi wò mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní, “Ìyàwó, ojú tó ń ríran lo wá bò mọ́ ọmọ lójú? Ṣé o fẹ́ fọ́ èyí tó kù ni?” Bí mo bá jáde, wọ́n á ṣí i. Mi ò bá wọn jà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa lọ sí kíníìkì. Wọ́n jókòó, wọ́n rí i bí ọmọ ọmọ wọn kò ṣe rí lẹ́tà ńlá nígbà tí wọ́n bo ojú ọ̀tún rẹ̀. Omi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn gan-an ni wọ́n ń ṣọ́ aago, tí wọ́n sì ń lé àwọn aládùúgbò tó bá ń bèèrè ohun tó fọ́ ọmọ lójú. Ẹni tó bá ń tọ́jú ọmọ bí ẹ kò bá sí nílé, òun ni kí ẹ mú lọ rí dókítà.

Bí ọmọ bá kọ̀ jálẹ̀, oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní atropine tí dókítà lè kọ. Ojú tó dáa ni wọ́n ń kán an sí, á sọ ọ́ di bàìbàì kí ìkejì lè ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti fi ìwádìí rí i pé fún ojú tó rẹ̀yìn níwọ̀nba ó ṣe é bíi pílásítà. Oòrùn á máa gún ọmọ lójú, ẹ fi fìlà dé e. Májèlé ni bí ọmọ bá mu ún, ẹ tì í mọ́nú àpótí. Bí awọ ojú àti ara ọmọ bá gbóná tó pupa lẹ́yìn tí ẹ kán an, ẹ dá a dúró kí ẹ gbé e lọ. Ẹ má lọ rà á fúnra yín ní kẹ́mísì.

Ìpàdé dókítà kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Ojú méjèèjì ni wọ́n ń yẹ̀ wò, kí wọ́n lè rí i pé èyí tí a ń bò kò sọ̀ kalẹ̀. Fún ọmọ tí ojú rẹ̀ yà, iṣẹ́ abẹ lè tò ó, ṣùgbọ́n kò ní mú kí ó ríran. Bíbo ojú ṣì wà níbẹ̀. Bí ọmọ bá sì ti kọjá ọdún méje kí ẹ tó mọ̀, ẹ ṣì lọ. Ó lè falẹ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá, méjìlá, àti àwọn mìíràn tó ti di ọ̀dọ́, ń jèrè rẹ̀.

Nígbà tó bá bọ̀ sípò, ẹ má jáwọ́ lójijì láìgbọ́ látẹnu dókítà. Ọmọ tó ń bo wákàtí 6, wọ́n máa ń dín in kù sí 2 ná kí wọ́n tó dá a dúró, torí ti bíi ọmọ 1 nínú 4 máa ń padà rẹ̀yìn láàárín ọdún kan. A ti dáwọ́ bíbo ti Àdùnní dúró báyìí, ó ṣì ń lo gíláàsì, a ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò. Ojú tó ń rẹ̀yìn báyìí máa ń rìn nínú ẹbí, nítorí náà mo gbé àbúrò rẹ̀ lọ kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Bí ẹ bá ní ọmọ mìíràn nílé, ẹ mú gbogbo wọn dání lọ́jọ́ ìpàdé tó kàn.